Orúkọ Akọni fún Ajá: Èwo Ló Yẹ, Èwo Ni Kò Yẹ?

Ọmọ ajá wọlé dé, ẹni tó gbà á sì fẹ́ràn ìtàn ìwáṣẹ̀ gan-an. Ó fẹ́ sọ ọ́ ní Herakles, akọni alágbára inú ìtàn Gíríìsì. Ẹnì kan nínú ilé ní Achilles ló dáa, ẹlòmíràn ní àfi Thor. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ajá kò tíì lórúkọ. Kò yà mí lẹ́nu, torí orúkọ tá a bá mú la ó máa pè fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìbéèrè tó sábà máa ń jẹ yọ nípa rẹ̀ rèé, pẹ̀lú èrò tèmi lórí wọn.

Ṣé kì í ṣe àbùkù fún akọni láti fi orúkọ rẹ̀ pe ajá?

Rárá o. Akọni pàápàá ti jẹ́ orúkọ ajá rí. Nínú ìtàn àwọn ará Írẹ́lándì, ọmọdékùnrin kan wà tó ń jẹ́ Sétanta. Wọ́n pè é síbi àsè nílé alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ Culann, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé, wọ́n sì ti tú ajá ńlá tó ń ṣọ́ ilé náà sílẹ̀. Ajá kọ lu ọmọ, ọmọ sì pa á. Nígbà tí Sétanta rí bí ikú ajá náà ṣe dun alágbẹ̀dẹ tó, ó ní òun fúnra òun lòun máa ṣọ́ ilé náà títí òun á fi tọ́ ọmọ ajá mìíràn dàgbà fún un. Bó ṣe di Cú Chulainn nìyẹn, ìyẹn Ajá Culann. Orúkọ yẹn ló gbé dé ojú ogun, òun náà ló sì jẹ́ títí ó fi kú. Bí akọni tó tó báyẹn bá lè jẹ́ Ajá láìtijú, kò sí àbùkù kankan nínú kí ajá jẹ́ orúkọ akọni.

Kí ló dé tí orúkọ tó wuyì nínú ìwé fi máa ń ṣòro lẹ́nu?

Gígùn rẹ̀ ni. Igbe la sábà máa fi ń ké orúkọ ajá. Ajá ti já kúrò lọ́wọ́ rẹ, ó ti ń sáré lọ sójú títì, mọ́tò sì ń bọ̀. Ṣé ìgbà yẹn lo máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ké Bellerophon? Sílébù méjì ló dáa jù, mẹ́ta ni kó pọ̀ mọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Columella, ará Róòmù tó kọ̀wé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀rúndún kìíní, sọ pé kí orúkọ ajá má ṣe gùn, kí ajá lè tètè jẹ́ ìpè, ṣùgbọ́n kó má ṣe kúrú ju sílébù méjì lọ. Ṣáájú rẹ̀, ìwé kan lórí iṣẹ́ ọdẹ tí wọ́n kà sí ti Xenophon, ará Gíríìsì, to orúkọ ajá 47 sílẹ̀, gbogbo wọn ló sì rọrùn láti pè. Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé àwọn tó ni ìtàn Herakles àti Theseus kò fi orúkọ àwọn méjèèjì pe ajá nínú ìwé yẹn. Ohun tá a rí níbẹ̀ ni Psyche, Phylax, Lonche, Chara: ẹ̀mí, olùṣọ́, ọ̀kọ̀, ayọ̀. Ìwà tí wọ́n fẹ́ lára ajá àti ohun ìjà tí wọ́n mọ̀ ló pọ̀ jù lára orúkọ tí wọ́n yàn.

Tó bá jẹ́ pé orúkọ gígùn lo fẹ́ dandan, gé e kúrú, ṣùgbọ́n wo ibi tó o ti ń gé e. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa gé Herakles sí Hera. Bẹ́ẹ̀, Hera yìí gan-an ni òrìṣà obìnrin tó kórìíra Herakles, tó rán ejò méjì sí i nígbà tó ṣì wà ní ìkókó. Orúkọ ọ̀tá akọni lo wá fi ń pe ajá rẹ láàárọ̀ àti lálẹ́! Gilgamesh lè di Gil láìsí wàhálà, Atalanta lè di Lanta. Ní ti Ajax, Hector, Sigurd àti Bran, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Ilé tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, ṣé ohùn orúkọ náà ṣe pàtàkì?

Ó ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Orúkọ àjèjì kò ní àmì ohùn lórí, oníkálukú ló ń fi ohùn tó wù ú sí i. Bàbá á pe Hector ní Hẹ́kítọ̀, ọmọ á pè é ní Hẹ̀kítọ́, àlejò á sì tún gbé tirẹ̀ dé. Ajá kò mọ̀ pé orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń pè. Kí gbogbo ilé jókòó, kí wọ́n fẹnu kò sí ohùn kan, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ajá náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé orúkọ ọ̀hún sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àṣẹ tẹ́ ẹ máa ń pa. Tó bá jẹ́ "rárá" lẹ fi ń dá ajá lẹ́kun, Rama, akọni inú ìtàn Íńdíà, kò dáa. Tó bá jẹ́ "dúró" lẹ máa ń sọ, Dido á máa rú u lójú. "Ó tó" àti Thor náà sún mọ́ra jù fún mi. Òótọ́ ni pé ajá lè dá ọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ̀ yàtọ̀: ní 2004, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ̀wé nípa ajá kan tó ń jẹ́ Rico, ní Jámánì, tó mọ orúkọ nǹkan tó lé ní 200, ní 2011, wọ́n kọ ti Chaser ní Amẹ́ríkà, tó mọ orúkọ ohun ìṣeré tó lé ní 1,000. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́, fún ọdún mélòó kan, ni wọ́n fi kọ́ Chaser. Ajá tó wà nílé wa kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, ẹ má fi kún ìṣòro rẹ̀.

Ṣé ó pọn dandan kéèyàn mọ ìtàn akọni náà tán pátá?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ rẹ pé "kí ló dé tó o fi pè é bẹ́ẹ̀?" ìtàn lo máa sọ fún un, ó sì yẹ kó jẹ́ ìtàn tó wù ọ́ láti sọ. Jason gba ìrànlọ́wọ́ Medea tán, ó wá já a jù sílẹ̀ nítorí ìyàwó mìíràn. Theseus fi Ariadne sílẹ̀ ní erékùṣù Naxos, obìnrin tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Achilles so òkú ọ̀tá rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́ ogun, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ti Actaeon ló wá burú jù: òrìṣà obìnrin Artemis sọ ọ́ di àgbọ̀nrín, àwọn ajá ọdẹ òun fúnra rẹ̀ sì fà á ya. Mi ò lè fi orúkọ yẹn pe ajá láé.

Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan, Hector, akọni ìlú Troy, ni mo máa mú. Kì í ṣe òun ló ṣẹ́gun, Achilles pa á. Ṣùgbọ́n gbogbo ogun tó jà, ìlú rẹ̀ àti ará ilé rẹ̀ ló ń gbèjà. Kó tó padà sójú ogun lọ́jọ́ kan, ó na ọwọ́ láti gbé ọmọ rẹ̀ kékeré. Ọmọ rí akoto idẹ àti ìrù ẹṣin tó ń mì lórí rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó fi igbe ta. Bàbá àti ìyá rẹ́rìn-ín. Hector ṣí akoto náà, ó gbé e sílẹ̀, ó wá gbé ọmọ, ó fẹnu kò ó lẹ́nu. Ajá tó lè lé olè títí dé ẹnu ọ̀nà, tó sì tún lè jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ fà á létí, ṣé orúkọ míì wà tó tún bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Ajá tó wà nínú àwọn ìtàn náà ńkọ́? Ṣé wọn kò lórúkọ ni?

Wọ́n ní, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ wò. Àwọn èèyàn á wá orúkọ akọni títí, wọn kò ní wo ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ akọni.

Argos ni ajá Odysseus. Ọmọ ajá ló wà nígbà tí olówó rẹ̀ lọ sógun Troy. Ogún ọdún ni Odysseus fi wà lẹ́yìn odi, ó sì padà wálé ní ìrísí alágbe kí àwọn ọ̀tá má bàa dá a mọ̀. Èèyàn kò mọ̀ ọ́n. Argos, tó ti darúgbó, tí eégbọn bò, tí wọ́n pa tì sórí ìgbẹ́ ẹran lẹ́nu ọ̀nà, ló mọ̀ ọ́n. Kò lágbára láti dìde mọ́. Ó ju ìrù, ó dẹ etí wálẹ̀. Odysseus kò lè lọ bá a, torí àṣírí á tú, ó kàn yíjú sápá kan, ó nu omijé kúrò lójú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ajá náà kú. Argos kúrú, ó rọrùn lẹ́nu, kò sì jọ àṣẹ kankan.

Arthur, ọba inú ìtàn Britain, ní Cafall. Ìwé ìtàn àtijọ́ kan láti ọ̀rúndún kẹsàn-án sọ pé nígbà tí wọ́n ń lé ìmàdò kan, ẹsẹ̀ Cafall tẹ òkúta, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ sì hàn lára òkúta náà. Bí èèyàn bá gbé òkúta ọ̀hún lọ, á tún padà sáyè rẹ̀. Fionn ti Írẹ́lándì ní Bran àti Sceolang, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ sì ni wọ́n, torí àbúrò ìyá rẹ̀ ló bí wọn nígbà tí wọ́n fi oògùn sọ obìnrin náà di ajá. Laelaps ti Gíríìsì ni ajá tí ohun tó bá lé kò lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, títí wọ́n fi ní kó lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan tí ohunkóhun kò lè mú. Zeus, olórí àwọn òrìṣà Gíríìsì, wo ọ̀ràn náà títí, ó sọ àwọn méjèèjì di òkúta.

Ní Íńdíà, ajá tó tẹ̀ lé ọba Yudhishthira dé ẹnu ọ̀run kò lórúkọ rárá. Wọ́n ní kí ọba fi í sílẹ̀ kó tó wọlé, ó ní òun kò ní já ẹni tó fi ọkàn tán òun jù sílẹ̀. Àṣé Dharma, òrìṣà òdodo, fúnra rẹ̀ ló gbé àwọ̀ ajá wọ̀.

Abo ajá wá ńkọ́?

Akọni obìnrin kò wọ́n. Bàbá Atalanta gbé e jù sígbó torí pé kì í ṣe ọkùnrin, ẹranko béárì ló fún un lọ́mú. Nígbà tí àwọn akọni Gíríìsì péjọ láti pa ìmàdò Calydon, òun ló kọ́kọ́ ta ọfà bà á. Camilla, jagunjagun obìnrin inú ìtàn Róòmù, wà, Penthesilea, ọbabìnrin àwọn Amazon, wà. Scáthach tó kọ́ Cú Chulainn ní ogun jíjà náà wà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti pè é.

Mo ní ajá méjì, ṣé mo lè fún wọn lórúkọ ìbejì?

Má lo Romulus àti Remus. Yàtọ̀ sí pé ìbẹ̀rẹ̀ wọn jọra, ọ̀kan pa èkejì. Castor àti Pollux dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí nígbà tí Castor kú, Pollux pín àìkú tirẹ̀ fún un.

Orúkọ wo ni kí n má fọwọ́ kàn?

Orúkọ tí àwọn èèyàn ṣì ń gbàdúrà sí. Zeus kò ní ọmọlẹ́yìn púpọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ àìmọye ẹlẹ́sìn Híńdù ló ń ké pe Rama àti Hanuman lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni Ògún àti Ṣàngó ní àwọn tiwọn. Ẹ̀sìn wọn lè máà jẹ́ tìrẹ, síbẹ̀ kò yẹ kí aládùúgbò gbọ́ orúkọ ohun tó ń sìn nígbà tó o bá ń bá ajá wí pé ó tọ̀ sílẹ̀.

Ajá tí mo gbà ti dàgbà, ó sì ti lórúkọ. Ṣé mo lè yí i padà?

O lè yí i padà. Pe orúkọ tuntun, kó o wá fi ti àtijọ́ tẹ̀ lé e. Tó bá ti bojú wò ọ́, fún un ní nǹkan tó fẹ́ràn lójú ẹsẹ̀. Tó bá ti ń yíjú sí ọ kó o tó dé orí èyí tó jẹ́ ti àtijọ́, ẹ lè jáwọ́ nínú ìyẹn. Má fi orúkọ tuntun bá a wí, má sì pè é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìsí ìdí, kó má bàa di ariwo lásán létí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa kọ́ ọmọ ajá, àfi pé òun kò ní orúkọ àtijọ́ tó máa gbàgbé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó tọ́jú rẹ̀ dáadáa lo ti gbà á, tí orúkọ tó ń jẹ́ sì ń mú un sáré wá tayọ̀tayọ̀, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó o tọ́jú Hector de èyí tó ń bọ̀.