Pípààrọ̀ púrósẹ́sọ̀ kọ̀ǹpútà torí láìfù géèmù

Pípààrọ̀ púrósẹ́sọ̀ torí láìfù géèmù ni kí èèyàn yọ ọpọlọ tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó fi èyí tó lágbára jù ú lọ síbẹ̀, kí géèmù tó ń gbá àti fídíò rẹ̀ tó ń jáde lórí Twitch tàbí YouTube lè máa lọ geere láì máa gé. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ti láptọ́ọ̀pù òde òní, wọ́n ti jó púrósẹ́sọ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, torí náà ẹni tó bá ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Computer Village n'Ìkẹjà, púrósẹ́sọ̀ tó bá nínú ẹ̀ náà ló máa lò lọ.

Ẹrù méjì ló ń dé orí púrósẹ́sọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹrù kìíní ni géèmù fúnra ẹ̀: ibi tí ọ̀tá wà, ibi tí ọta ìbọn ń lọ, ohun tí gíráfíìkì káàdì máa yà sójú skrín. Ẹrù kejì ni fífún fídíò pọ̀, èyí sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò ka kún nǹkan kan. Àwòrán 1080p kan ṣoṣo ní píksẹ́lì 2,073,600, tí èèyàn bá sì ń gbé 60 irú ẹ̀ jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí kò bá fún un pọ̀ rárá, ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígábíìtì 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé wo ló fẹ́ gbé ìyẹn. Kílóbíìtì 6000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni Twitch dábàá fún 1080p ní fíréèmù (ìyẹn àwòrán) 60, ìyẹn ni pé fídíò yẹn gbọ́dọ̀ kéré sí i ní nǹkan bí ìlọ́po 500, àwòrán kan ò sì gbọdọ̀ gbà ju mílísẹ́kọ́ǹdù 16 àti díẹ̀ lọ kí èyí tó tẹ̀lé e tó dé. Tó bá ti pẹ́ bíńtín, OBS, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń gbé fídíò náà jáde, á kàn sọ òmíì nù, ẹni tó ń wò lókèèrè á wá rí i pé nǹkan ń fò láti ibì kan sí ibòmíì bí ìgbà tí síídì tó ti ya bá ń há. Ohun tó tún burú ńbẹ̀ ni pé ẹni tó ń gbá géèmù yẹn gan-an lè má mọ̀ rárá, ojú skrín tiẹ̀ mọ́ kedere, àfìgbà tí àwọn tó ń wò bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Kí ẹnikẹ́ni tó lọ ra púrósẹ́sọ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń bá a fún fídíò náà pọ̀, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Tó bá jẹ́ x264, ètò kan tó ń fún fídíò pọ̀, ni OBS ń lò, orí púrósẹ́sọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yẹn wà. Tó bá sì jẹ́ NVENC, tí Nvidia ti ń fi sínú káàdì wọn láti 2012, tàbí Quick Sync tí Intel gbé dé ní 2011, ibi kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ lára ṣíìpù ló ń ṣe é, púrósẹ́sọ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ sí i. x264 ní ìpele-ìpele, láti ultrafast dé placebo, veryfast ni OBS máa ń bá èèyàn yàn, bí èèyàn bá sì ṣe ń lọ sápá slow ni àwòrán ń dára sí i tí púrósẹ́sọ̀ ń làágùn sí i. Tẹ́lẹ̀, x264 lọ́ba, torí àwòrán NVENC àtijọ́ máa ń ṣú tí nǹkan bá ti ń sáré lójú skrín, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí RTX 20 ti jáde ní 2018, NVENC ti dára débi pé ọ̀pọ̀ olùwòran ò lè mọ ìyàtọ̀ sí x264 orí veryfast. Káàdì kan wà tó máa ń tan èèyàn o: GTX 1650 àkọ́kọ́ tó jáde ní 2019, ìdílé kan náà ni òun àti RTX 20 ti wá, ṣùgbọ́n NVENC ìran tó ṣáájú ni wọ́n fi sínú ẹ̀. Ẹni tó bá ti wà lórí NVENC tó dára, púrósẹ́sọ̀ tuntun lè mú kí géèmù ẹ̀ yá sí i, àmọ́ kò ní fi bẹ́ẹ̀ kan fídíò ẹ̀.

OBS fúnra ẹ̀ ní ojú ewé kan tó ń jẹ́ Stats tó ń sọ ibi tí àìsàn wà, ìlà mẹ́ta ló sì yẹ kéèyàn wò ńbẹ̀. Tí nọ́ńbà bá ń gòkè níbi skipped frames due to encoding lag, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ohun tó ń fún fídíò pọ̀, bó bá sì jẹ́ x264, púrósẹ́sọ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ rendering lag, gíráfíìkì káàdì ni kò mí mọ́, kí èèyàn dín fíréèmù géèmù kù kó yé fìyà jẹ ẹ́. Tó bá jẹ́ dropped frames tí wọ́n kọ network sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, kò sí púrósẹ́sọ̀ láyé yìí tó lè wo ìyẹn sàn.

Ọdún 2017 ni ọjà púrósẹ́sọ̀ yí padà gan-an fún àwọn oníláìfù. Kó tó dìgbà yẹn, púrósẹ́sọ̀ Intel tí ará ilé máa ń rà ò kọjá core 4 (core ni apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú púrósẹ́sọ̀, thread ni iye iṣẹ́ tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà), Core i7-7700K tó jáde ní oṣù kìíní ọdún náà gan-an, core 4 thread 8 ni. Géèmù tó wúwo lè jẹ gbogbo ẹ̀ tán kí x264 wá máa ṣa èérún, ìdí nìyẹn tí àwọn tó fi láìfù ṣe iṣẹ́ ṣe máa ń lo kọ̀ǹpútà méjì, ọ̀kan fún géèmù, èkejì fún fídíò, tí capture card, ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán láti ọ̀kan sí èkejì, wà láàárín wọn. Ní oṣù kẹta AMD gbé Ryzen 7 jáde, core 8 thread 16. Lórí géèmù nìkan, 7700K ṣì ń yára jù ú lọ, àmọ́ tí èèyàn bá ti fi x264 kún un, Ryzen ló máa ń dúró gbọnin.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 (sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ibi tí púrósẹ́sọ̀ ń jókòó sí lórí bọ́ọ̀dù) tí wọ́n fi gbé Ryzen yẹn jáde ló wá jẹ́ kí pípààrọ̀ di ohun tí apá mẹ̀kúnnù ká. Bọ́ọ̀dù B350 tí èèyàn rà ní 2017 pẹ̀lú Ryzen 3 1200, core 4 thread 4, lè gba Ryzen 5 5600 tàbí Ryzen 7 5700X tí wọ́n jáde ní 2022, láìpààrọ̀ bọ́ọ̀dù, láìpààrọ̀ RAM. AMD ò kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé kí Ryzen 5000 wọ àwọn bọ́ọ̀dù àtijọ́ yẹn o, oṣù kẹta 2022 ni wọ́n tó gbà, ó sì kù sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe bọ́ọ̀dù láti gbé BIOS tuntun, ìyẹn ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà, jáde fún un. Ryzen 7 5800X3D, tí L3 cache ẹ̀, ìyẹn ìrántí kékeré tó yára nínú púrósẹ́sọ̀, jẹ́ mẹ́gábáìtì 96, géèmù ló dára fún jù. Ẹni tó bá takú pé x264 lòun máa lò, Ryzen 9 5900X tó ní core 12 ló máa bá a mu. Wáàtì 105 ni àwọn méjèèjì yìí sáà, nígbà tí 5600 àti 5700X jẹ́ 65, bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú lè má rí iná fún wọn dáadáa. AM5 tó dé ní oṣù kẹsàn-án 2022 ò gba RAM mìíràn ju DDR5 lọ, ẹni tó bá lọ síbẹ̀ ti ń ra kọ̀ǹpútà tuntun nìyẹn.

Ti Intel ò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì LGA 1151 ti ìran kẹfà àti ìkeje rí bákan náà pẹ̀lú ti ìran kẹjọ àti ìkẹsàn-án, púrósẹ́sọ̀ á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kọ̀ǹpútà ò sì ní tàn. LGA 1700 ló sàn díẹ̀, ó gba ìran 12, 13 àti 14.

Iṣẹ́ ọwọ́ gan-an ò ju wákàtí kan lọ. BIOS ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ di tuntun, nígbà tí púrósẹ́sọ̀ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, torí téèyàn bá fi tuntun sí i tí BIOS ò mọ̀ ọ́n, skrín á dúdú kirimú ni. Lórí AM4, ara púrósẹ́sọ̀ ni píìnì wà, ibi tí wọ́n ti sábà máa ń bà á jẹ́ sì ni yíyọ kúlà, ohun tó ń mú púrósẹ́sọ̀ tutù: thermal paste, ìpara tó wà láàárín àwọn méjèèjì, máa ń dà bíi gúlú tó bá ti gbẹ, téèyàn bá fa kúlà sókè wùyà, púrósẹ́sọ̀ á tẹ̀lé e jáde nígbà tí ìdè sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní títì, píìnì á sì tẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó gbóná, wọ́n á pa á, wọ́n á yọ wáyà iná, wọ́n á rọra yí kúlà sọ́tùn-ún sósì títí paste á fi jọ̀wọ́ ẹ̀, kí wọ́n tó gbé e. Píìnì tó bá tẹ̀, wọ́n lè fi etí káàdì ATM rọra tì í padà, àmọ́ tó bá ti kán, ó ti kán nìyẹn. Onígun mẹ́ta kékeré kan wà ní igun púrósẹ́sọ̀ tó máa ń bá ti sọ́kẹ́ẹ̀tì mu, kò sí pé à ń fi agbára tẹ̀ ẹ́. Paste tuntun tó tó hóró ẹ̀wà kan ti tó.

Tí wọ́n bá tan án nígbà àkọ́kọ́, bọ́ọ̀dù AMD mìíràn máa ń gbé ọ̀rọ̀ kan jáde nípa fTPM, ibi tí wọ́n ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò sí nínú púrósẹ́sọ̀, pé ṣé kéèyàn tẹ Y tàbí N. Ẹni tó fi BitLocker ti dísìkì ẹ̀, kó má tètè tẹ Y o, kó ti kọ recovery key ẹ̀, nọ́ńbà tó máa ṣí dísìkì náà, síbì kan ṣáájú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ gbogbo fáìlì ẹ̀ á wà nínú àhámọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan wíwo bó ṣe ń gbóná sí, torí púrósẹ́sọ̀ tó bá gbóná jù á dín eré ẹ̀ kù fúnra ẹ̀, eruku ọyẹ́ tó ti dí kúlà pa sì ń dá kún un.

Wọn kì í fi láìfù gidi dán an wò. Kílóbíìtì 6000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan fún wákàtí kan jẹ́ dátà gígábáìtì 2.7, ẹni tó bá ń dán an wò fún wákàtí mẹ́ta ti jó gígábáìtì 8 mọ́lẹ̀ nìyẹn. Nínú OBS, tí wọ́n bá yan Same as stream níbi recording, tí wọ́n tẹ Start Recording, tí wọ́n sì gbá géèmù tó wúwo jù lọ́wọ́ wọn fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ẹrù kan náà ló máa dé orí púrósẹ́sọ̀, nọ́ńbà skipped frames á sì fojú hàn láìná dátà kankan.