Ẹṣin funfun kì í ṣe ìran kankan

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ nípa ẹṣin, àwọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wò. Tí wọ́n bá fa ẹṣin wá síbi ìnáwó ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí Kétu, ẹ óò gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn, wọ́n á ní funfun yẹn ẹṣin Lárúbáwá ni, pupa yẹn ti Bàrùbá ni, dúdú tó ń dán yẹn ẹṣin òyìnbó ni. Kò sí èyí tó ṣeé gbára lé nínú gbogbo ẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n gọ̀ o, ẹṣin ni ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni eṣinṣin tsetse ti ń kó àrùn sí wọn lára nílẹ̀ igbó títí wọ́n á fi rù kú, ìyẹn ló jẹ́ kó jẹ́ òkè lọ́hùn-ún, ní Nikki, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọdún Gáàní, lẹṣin ti pọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ dé Àjàṣẹ́, ọmọ ilé ìwé míì ò tíì fojú kan ẹṣin rí àfi nínú fídíò.

Ìran ẹṣin, ẹ̀jẹ̀ ni, àti ohun tí èèyàn fi ọwọ́ ara wọn yàn láti ìran dé ìran. Ẹ wo ẹṣin eré ìje tí wọ́n ń pè ní Thoroughbred, akọ mẹ́ta tí wọ́n kó láti ìlà oòrùn wá sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kà sí baba ńlá wọn, 1791 ni ìwé ìran wọn sì kọ́kọ́ jáde, ẹni tí orúkọ bàbá àti ìyá ẹ̀ ò bá sí nínú ìwé yẹn, bó ṣe wù kó lè sáré tó, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Pupa wà níbẹ̀, dúdú wà níbẹ̀, aláwọ̀ eérú wà níbẹ̀. Ẹṣin Lárúbáwá náà bẹ́ẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa fi dá Lárúbáwá mọ̀ ni ojú tó tẹ̀ wọnú díẹ̀ níwájú, imú kékeré, àti ìrù tó máa ń gbé sókè tó bá ń sáré. Ẹṣin Dongola ní tiẹ̀, èyí tó ti Sudan wá tó sì tàn ká ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, orí ẹ̀ gùn, egungun imú ẹ̀ yọ síta. Orí, ọrùn, ẹ̀yìn, ìdí, ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò.

Òótọ́ ni pé àwọn ìran kan wà tí èèyàn ti fi òfin de àwọ̀ wọn. Friesian ilẹ̀ Họ́láńdì, dúdú ni wọ́n fẹ́. Àmọ́ ìyẹn ò sọ gbogbo ẹṣin dúdú di Friesian. Aláwọ̀ wúrà tí gọgọ ẹ̀ funfun, palomino, ìyẹn ò tiẹ̀ lè di ìran tó dúró láéláé, torí tí méjì nínú wọn bá gun ara wọn, nínú ọmọ mẹ́rin, bí ìṣirò ṣe máa ń lọ, ọ̀kan á jẹ́ pupa, ọ̀kan á funfun ràkọ̀ràkọ̀ pẹ̀lú ojú búlúù, méjì péré lá jọ àwọn òbí wọn.

Ìyẹn tó, ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹṣin funfun, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn jù. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹṣin funfun tẹ́ ẹ ń rí, wọn ò bí i ní funfun. Dúdú ni wọ́n bí i, tàbí pupa, ìgbà míì ó máa ń dúdú ju àwọn ọmọ ẹṣin tó kù lọ pàápàá. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ ọn dáadáa, ẹ óò rí irun funfun wíńníwínní tó yí ojú ẹ̀ ká, ibẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ara á wá di eérú, àmì róbótóróbótó á yọ káàkiri, àárín wọn á mọ́lẹ̀, etí wọn á ṣókùnkùn. Tó bá fi máa tó bí ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti funfun tán. Ewú ni, ewú tó tètè dé. Ẹ ya irun ẹ̀ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ wo abẹ́ ẹ̀, awọ ara ẹ̀ ṣì dúdú kirikiri, imú ẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n bí ní funfun lóòótọ́, awọ tiẹ̀ máa ń pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́ ni, irú ẹ̀ ò sì wọ́pọ̀ rárá. Àwọn Lipizzaner tó ń jó ní Vienna, tí ìdílé ọba Ọ́sítríà bẹ̀rẹ̀ sí sìn ní Lipica lọ́dún 1580, gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí funfun, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wọn dúdú nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jábọ́ sílẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ẹ fojú inú wo ìyá kan tó ń tajà ní ọjà Wàǹdó l'Ájàṣẹ́. Ní gbòǹgbò irun kọ̀ọ̀kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tó yẹ kó máa pèsè àwọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́, àwọn ni ojú owó ìyá yẹn. Ẹṣin tó ń hu ewú yìí, ègé kan nínú jíìnì STX17 ẹ̀, ìyẹn ọ̀kan lára ohun àjogúnbá inú ara ẹ̀, tún ara ẹ̀ kọ, ìyẹn ló sì ń ti àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn níkùúkùú pé kí wọ́n ṣiṣẹ́ kíákíá. Ìyá wa á kó gbogbo ọjà síta lọ́jọ́ kìíní, ìsọ̀ á kún dẹ́múdẹ́mú, ìdí nìyẹn tí ọmọ ẹṣin náà fi dúdú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ ojú owó, nígbà tó máa yá kò sí ohun tó máa fi ra òmíì. Ìsọ̀ ò wó o, tábìlì ṣì wà níbẹ̀, irun ṣì ń hù, òfìfo ló ń hù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì inú awọ ara ní tiwọn ò kógbá wọlé, wọ́n ń kó ọjà jọ síbi tí ẹnìkan ò ti ń rà á, ẹrù á di òkìtì sí kọ̀rọ̀, òkìtì yẹn ni kókó dúdú tí àwọn dókítà ẹranko ń pè ní mẹlanómà, irú jẹjẹrẹ awọ ara kan.

Àwọn onímọ̀ ní Uppsala, ní Súwídìn, ló rí jíìnì yìí lọ́dún 2008, wọ́n sì rí i pé ẹyọ baba ńlá kan ṣoṣo nìyípadà náà ti wá, yálà Lárúbáwá ni ẹṣin tó hu ewú náà o, tàbí Thoroughbred, tàbí Lipizzaner. Ẹ̀rí wo ló tún kù tá a fẹ́ wá pé àwọ̀ ń ré kọjá ààlà ìran? Ó tún rọrùn láti tọpa ẹ̀ torí ọmọ tó bá ní in, bàbá tàbí ìyá ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní in, kì í fo ìran. Tí ìwé bá ní pupa àti dúdú ló bí aláwọ̀ eérú, ìwé yẹn ń parọ́.

Lójú tèmi, ọwọ́ èèyàn ló gbé jíìnì yìí ró. Ẹran tó funfun báláú nínú pápá, kìnnìún á tètè rí i, ó tún ní àrùn tó ń retí ẹ̀ lọ́jọ́ ogbó, ṣùgbọ́n àwọn ọba àti ọ̀gágun fẹ́ràn láti gun funfun, wọ́n sì ń yàn án ṣáá. Lára àwọn tó ti lé ní ọdún 15, ó ju 70 nínú 100 lọ tó ń ní kókó yẹn. Lọ́dún 2024 ni wọ́n wá rí i pé ọ̀nà méjì ni jíìnì náà pín sí: èyí tí ègé yẹn wà lẹ́ẹ̀mẹta máa ń tètè funfun, òun náà ni kókó máa ń yọ lára ẹ̀, èyí tó wà lẹ́ẹ̀mejì máa ń rọra hu ewú ni, kókó ò sì fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi owó séfà ẹ̀ ra ẹṣin funfun tó ti dàgbà, kó gbé ìrù ẹ̀ sókè wo abẹ́ ẹ̀ àti yíká ihò ìdí ẹ̀, kó fọwọ́ kan ètè ẹ̀ àti ìsàlẹ̀ etí ẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí ibẹ̀ ni kókó náà ti máa ń kọ́kọ́ yọ.