Bí olùjẹ́jọ́ ṣe ń di olùpẹ̀jọ́ nínú ẹjọ́ kan náà

Bí wọ́n bá pe èèyàn lẹ́jọ́ ní Nàìjíríà, tó rojọ́ títí tó fi jàre, ohun tó ń mú délé kì í tó nǹkan. Adájọ́ á da ẹjọ́ náà nù, bóyá kó sì ní kí olùpẹ̀jọ́ san owó díẹ̀ fún wàhálà tó kó bá a. Kóòtù kì í fún èèyàn ní ohun tí kò béèrè. Olùjẹ́jọ́ tó bá ní nǹkan láti gbà lọ́wọ́ ẹni tó pè é lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ béèrè, ọ̀nà tó sì ń gbà béèrè rẹ̀ nínú ẹjọ́ kan náà ni àwọn lọ́yà ń pè ní counterclaim.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ oníṣòwò sìmẹ́ńtì kan àti ọ̀gá bíríkìlà tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníṣòwò ní òun kó ọjà mílíọ̀nù 4 náírà fún un, kò sanwó, ló bá gba kóòtù lọ. Bíríkìlà lè ní irọ́ ni, òun ti sanwó, rìsíìtì rèé. Àwíjàre lásán nìyẹn. Ó sì lè gbà pé òun jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n kó ní oníṣòwò náà jẹ òun ní mílíọ̀nù 1.5 tí òun yá a nígbà tí kò rí owó ọkọ̀ san, kí kóòtù yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Set-off nìyí. Gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú ni wọ́n sábà ń fi ṣe é, kò sì lè ṣe ju kó dín ohun tí olùpẹ̀jọ́ ń béèrè kù tàbí kó pa á rẹ́. Àmọ́ bí bíríkìlà bá ní sìmẹ́ńtì tó ti dì ni wọ́n kó fún òun, pé ògiri tí òun fi mọ wó, òun sì pàdánù mílíọ̀nù 6, ọ̀rọ̀ ti kọjá àyọkúrò. Counterclaim ló máa gbé ìyẹn. Bí àwọn méjèèjì bá fi ẹ̀rí ti ohun tí wọ́n béèrè lẹ́yìn, adájọ́ lè yọ ọ̀kan nínú èkejì, kó ní kí oníṣòwò san mílíọ̀nù 2. Ẹni tó wá sin gbèsè wá á wá di onígbèsè.

Ní Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ọjọ́ 42 ni olùjẹ́jọ́ ní láti fi èsì rẹ̀ sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ìwé ẹjọ́ bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́; àwọn ìpínlẹ̀ yòókù ní iye ọjọ́ tiwọn. Inú ìwé kan náà ni àwíjàre àti counterclaim máa ń wà, àwíjàre lókè, counterclaim lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àkọlé tirẹ̀. Gbólóhùn àwọn ẹlẹ́rìí tí wọ́n ti búra sí àti ẹ̀dà àwọn ìwé ẹ̀rí á bá a lọ. Ibi tí àwọn kan ti ń kọsẹ̀ ni owó ìfilélẹ̀, ìyẹn owó tí wọ́n ń san fún kóòtù láti gba ìwé wọn. Nítorí pé counterclaim wà nínú ìwé àwíjàre, wọ́n á rò pé ọ̀fẹ́ ni. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Bí wọn ò bá san owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, olùpẹ̀jọ́ lè dìde pé kóòtù ò lágbára láti gbọ́ ọ.

Ìdí ni pé lójú òfin, ẹjọ́ tó dá dúró ni counterclaim. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti sọ èyí lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹjọ́ Ogbonna àti Attorney-General ti Ìpínlẹ̀ Imo ní 1992 ni àwọn lọ́yà sábà ń tọ́ka sí. Olùpẹ̀jọ́ tó rí i pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bẹ́yìn yọ lè fa ẹjọ́ tirẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kò lè fa ti ẹnìkejì padà. Ó gbọ́dọ̀ kọ èsì sí counterclaim. Bó bá dákẹ́, kóòtù lè gbà pé ó ti jẹ́wọ́.

Òmìnira yìí ní ìnira tirẹ̀. Kóòtù tí wọ́n gbé e lọ gbọ́dọ̀ lágbára lórí counterclaim gan-an. Láti 2018 ni Èkó ti ní kóòtù fún gbèsè kéékèèké, èyí tí kò ju mílíọ̀nù 5 lọ. Mílíọ̀nù 4 ti oníṣòwò yẹn wọlé síbẹ̀ dáadáa, mílíọ̀nù 6 ti bíríkìlà kò wọlé. Bákan náà, ẹni tí wọ́n pè ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ò lè torí pé ó ti dé ibẹ̀ kó wá béèrè ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gan-an ni counterclaim ti ń ṣe pàtàkì jù. Láti ìgbà ẹjọ́ Kodilinye àti Odu ní 1935 ni òfin ti dúró lé e pé ẹni tó bá ní kí kóòtù kéde ilẹ̀ fún òun gbọ́dọ̀ fi agbára ẹ̀rí tirẹ̀ gbà á, kì í ṣe àìlágbára ẹ̀rí ẹnìkejì. Bí ẹbí kan bá pe ẹbí mìíràn lórí ilẹ̀, tí wọn ò sì rí ẹ̀rí tó múná dóko mú wá, kóòtù á da ẹjọ́ wọn nù, àmọ́ ilẹ̀ náà kò tíì di ti àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ ẹbí tó ti jó, tó ti yọ̀, ni èyí ò yé. Bí wọ́n bá fẹ́ kí kóòtù kéde pé àwọn ló ni ín, àwọn náà gbọ́dọ̀ béèrè, kí wọ́n sì fi ọ̀kan, ó kéré tán, nínú ọ̀nà márùn-ún tí ẹjọ́ Idundun àti Okumagba là sílẹ̀ ní 1976 ṣe ẹ̀rí: ìtàn ìdílé, ìwé ilẹ̀, lílo ilẹ̀ bí onílẹ̀, pípẹ́ lórí rẹ̀, tàbí níní ilẹ̀ tó pààlà pẹ̀lú rẹ̀. Dídákẹ́ olùpẹ̀jọ́ kò tó níbí. Ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Ó sì lè ṣẹlẹ̀ kí ìhà méjèèjì kùnà, kí kálukú padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Òfin kò ní dandan ni counterclaim. Olùjẹ́jọ́ lè lọ dá ẹjọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí kóòtù sì pa méjèèjì pọ̀ bó bá yá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà láàárín àwọn èèyàn kan náà ló tún gbé lọ síwájú adájọ́ mìíràn, wọ́n lè ní ó ń fi kóòtù ṣeré, kí wọ́n da ẹjọ́ náà nù.

Ní Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn, cross-appeal, ìyẹn ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tí ẹnìkejì náà pè, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹni tó jàre ní ìsàlẹ̀, tó kàn fẹ́ kí ìdájọ́ náà dúró lórí ìdí mìíràn, kò nílò rẹ̀. Ìwé ìfitónilétí ti tó o. Ẹni tí apá kan ìdájọ́ ò tẹ́ lọ́rùn ló gbọ́dọ̀ pe cross-appeal tirẹ̀, bí ẹni tó kọ́kọ́ pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn bá sì yọwọ́, tirẹ̀ ń bá a lọ.