Ìhó Tí Kò Mọ̀nà Òkè

Omi ni wọ́n fi ń ṣe ọ́síjìn tí àwọn ará ibùdó ISS, ilé ìwádìí tó ń yí ayé po lókè, ń mí. Iná mọ̀nàmọ́ná ló ń ya omi sí ọ́síjìn àti háídírójìn. Ẹ̀rọ Sabatier á da háídírójìn yẹn pọ̀ mọ́ èémí tí wọ́n mí síta, omi àti gáàsì mítéènì á sì jáde. Omi padà sẹ́nu iṣẹ́. Mítéènì, wọ́n dà á nù sóde. Ìdànù gbáà ni, torí háídírójìn ṣì kún inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ́síjìn tí wọ́n ń rí gbà padà nínú èémí kò fi ju nǹkan bí ìdajì lọ.

Ibi tó dùn jù ni ìhó. Ẹni tó bá gbé iṣu iyán kaná ní Ìkéré-Èkìtì mọ̀ pé ìhó á máa ti ìdí ìkòkò gòkè, kò sì ní bèèrè ohun tó gbé e. Omi ló wúwo jù ú lọ: òòfà ilẹ̀ ń fa omi wálẹ̀, ìhó ráyè gòkè. Níbi tí nǹkan kò ti wúwo, bíi nínú ISS, ìhó ọ́síjìn á lẹ̀ mọ́ irin tó ń gbé iná wọnú omi, á bò ó, iná kò sì ní ráyè kan omi dáadáa mọ́. Ẹ̀rọ tó ń yí bírí ni wọ́n fi ń ya gáàsì kúrò lára omi, ohun tó ń yí kò sì ṣàìní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò nílẹ̀? Wọ́n ń jẹ́ kó já bọ́ ni, torí ohun tó bá ń já bọ́ kì í wúwo. Àwọn tó ń sọ pé òòfà ilẹ̀ ti tán lókè ló ń ba àlàyé yìí jẹ́. Ní 400 kìlómítà sókè, nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 rẹ̀ ṣì wà. Ibùdó náà ń já bọ́ ṣáá ni, eré tó ń sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kò jẹ́ kó kan ilẹ̀.

Ní Bremen, ní Jámánì, ilé gogoro kan wà tó ga ní mítà 146. Bí wọ́n bá ju àpótí àyẹ̀wò sókè láti ìsàlẹ̀ rẹ̀, tó sì já bọ́ padà, wọ́n á rí nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 9 tí ohun inú rẹ̀ kò fi wúwo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dán irin òòfà wò, tó ń fa ìhó kúrò lára irin iná láìsí ohun tó ń yí. Ọgbọ́n tó wù mí nìyẹn. Àmọ́ ìṣẹ́jú-àáyá 9 kò lè fi ohun tí ìhó yóò ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà hàn; ìyẹn di òkè lọ́hùn-ún.