Dídá lọ sí etíkun Wales láìní mọ́tò

"Etíkun wo ló rẹwà jù ní Wales?" Ìbéèrè tí àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi fún ètò ìsinmi máa ń kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Ẹni tó ní mọ́tò lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹni tó ń dá lọ, tí kò sì ní mọ́tò, ohun mìíràn ló yẹ kó kọ́kọ́ wádìí: ìlú wo ni ọkọ̀ ojúirin ti ń dúró, tí mo lè fẹsẹ̀ gbé àpò mi dé yàrá, kí n sì tún fẹsẹ̀ rìn dé orí iyanrìn? Ẹwà kò wọ́n ní Wales, ilẹ̀ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn England. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wales Coast Path, tí wọ́n ṣí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012, tẹ̀ lé etí òkun fún 870 máìlì, ìyẹn nǹkan bí 1,400 kìlómítà. Ohun tó wọ́n ni bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ abúlé tó dára jù nínú fọ́tò ló jẹ́ pé bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ti máa lọ kí oòrùn tó ronú àtiwọ̀, ẹni tó bá sì dá wà níbẹ̀ láìní ọkọ̀ kò rí ẹni tí yóò gbé e.

Nítorí náà, ibùdókọ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ yàn, kí wọ́n tó yan òkun. Kí ẹ sì fi ìlú kan ṣoṣo ṣe ibùdó fún gbogbo ìsinmi náà. Àwọn kan fẹ́ máa sun ìlú kan lónìí, ìlú mìíràn lọ́la, kí wọ́n lè rí ohun gbogbo. Láìsí mọ́tò, ìdajì ọjọ́ ni ẹrù gbígbé àti ìdúró de ọkọ̀ á jẹ.

Ìlú tí mo máa ń dárúkọ jù fún ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ dá lọ ni Barmouth, tí wọ́n ń pè ní Abermaw lédè Wales. Ó wà lórí ojúirin Cambrian Coast, tó ń gba etí òkun láti ìhà Machynlleth lọ dé Pwllheli. Ní ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà yìí, kò sí ohunkóhun láàárín fèrèsé yín àti omi ju òkúta lọ. Láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ó wọ ọkọ̀ ojúirin ní ibùdókọ̀ Euston dé Birmingham, ẹ ó sì wọ ọkọ̀ Transport for Wales níbẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní wákàtí márùn-ún, nítorí náà àárọ̀ ni kẹ́ ẹ gbéra. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Barmouth, etíkun ti wà nítòsí, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ ó fi rìn débẹ̀.

Ohun kan wà lójú ọ̀nà yìí tó máa ń da àlejò láàmú. Ọkọ̀ náà máa ń pín sí méjì ní Machynlleth: apá kan ń lọ sí Aberystwyth, apá kejì ni yóò gba etíkun lọ sí Pwllheli. Ẹni tó bá sùn lọ ní apá tí kò yẹ, Aberystwyth ni yóò jí sí. Kí ẹ tó kúrò ní Shrewsbury, ìlú tí ọkọ̀ náà ń gbà kọjá ṣáájú Machynlleth, ẹ bi ẹni tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò pé apá wo ló ń lọ sí Barmouth. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bákan náà, àwọn ibùdókọ̀ kékeré kan wà tí ọkọ̀ kì í dúró sí àfi tí ẹnìkan bá béèrè. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà ní kùtùkùtù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ dúró síbi tí awakọ̀ ti lè rí yín, kẹ́ ẹ na ọwọ́ sí i. Ẹ máa ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó máa ń sọ èyí tó kan ibẹ̀.

Kí ni ẹ ó máa ṣe ní Barmouth? Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ jí níbẹ̀, ẹ má wọ ọkọ̀ kankan. Ẹ gun òkè Dinas Oleu tó wà lẹ́yìn ìlú, ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún National Trust, àjọ tó ń dáàbò bo ilẹ̀ àti ilé àtijọ́, ní ọdún 1895. Láti orí rẹ̀, ẹ ó rí ẹnu odò Mawddach àti afárá onígi tí ọkọ̀ ojúirin ti ń gbà láti ọdún 1867. Ẹlẹ́sẹ̀ náà lè gba ẹ̀gbẹ́ afárá yìí kọjá, afẹ́fẹ́ á sì fẹ́ sí yín lára gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ gba ọ̀nà Mawddach Trail. Ojúirin àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì ni wọ́n sọ di ọ̀nà yìí. Ó tẹ́jú, ó sì tó máìlì mẹ́sàn-án ààbọ̀ láàárín Dolgellau àti Barmouth. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rìn láti Barmouth lọ sí Dolgellau, kí wọ́n tó wá bọ́ọ̀sì tí yóò gbé wọn padà. Ẹ yí i padà: ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Dolgellau láàárọ̀, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé. Ìlànà yìí ni mo fọwọ́ sọ̀yà fún jù nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ yìí, ó sì wúlò ní gbogbo etíkun Wales. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ lọ tó sì rìn bọ̀ kò ní bọ́ọ̀sì tó ń lé. Ó lè jókòó jẹun fún wákàtí kan, ó lè dúró wo ẹyẹ, ẹsẹ̀ lè máa ro ó kó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ ló ń mú un sún mọ́ ibùsùn rẹ̀. Ẹni tó rìn lọ, tó ń retí ọkọ̀ tí yóò gbé e bọ̀, aago ló ń wò ní gbogbo ọ̀nà. Ẹni tó bá ní ẹnìkejì lè fara da ìyẹn. Ẹni tó dá wà kò yẹ kó kó o lé ara rẹ̀ lórí.

Àwọn ọjọ́ tó kù, ojúirin kan náà á gbé yín kiri. Ní Harlech, ibùdókọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ àpáta tí ọba Edward Kìíní ti England kọ́ ààfin olódi rẹ̀ sí lẹ́yìn ọdún 1282. Ní Tywyn, ọkọ̀ ojúirin kékeré Talyllyn tó ń fi oru omi gbígbóná rìn wà níbẹ̀. Ní ọdún 1951 ni àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni gbà á sọ́wọ́ kó má bà á kú, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní Minffordd, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé Portmeirion, abúlé aláwọ̀ mèremère tí ayàwòrán ilé Clough Williams-Ellis bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1925. Ọjọ́ kan tó fún ìkọ̀ọ̀kan.

Ìlú kejì tí mo lè fọwọ́ sí ni Tenby ní gúúsù, fún ẹni tó fẹ́ iyanrìn ju òkè lọ. Ọkọ̀ ojúirin dé ibẹ̀, apá púpọ̀ nínú odi àtijọ́ ìlú náà ṣì dúró, etíkun sì wà ní apá méjèèjì. Ọkọ̀ ojú omi ń lọ láti ibẹ̀ sí erékùṣù Caldey, níbi tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Kátólíìkì ń gbé, àmọ́ kì í lọ lọ́jọ́ Àìkú. Tenby máa ń kún fọ́fọ́ nígbà tí ilé ìwé bá ti wà ní ìsinmi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rin ọ̀nà etíkun Pembrokeshire (agbègbè tí Tenby wà), tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 186 máìlì, ẹ wá àwọn bọ́ọ̀sì etíkun, bíi Poppit Rocket tó ń rìn láàárín Fishguard àti Cardigan. Nígbà ooru ni wọ́n ń rìn jù. Ní àwọn ibi tí kò sí ibùdó, ẹ dúró síbi tí ojú ọ̀nà ti mọ́, kẹ́ ẹ na ọwọ́, wọn á gbé yín.

Lórí àkókò ọkọ̀, òfin kan ni mo ń tẹ̀ lé: ẹ wo bọ́ọ̀sì ìkẹyìn, kẹ́ ẹ gbàgbé rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi èyí tó ṣáájú rẹ̀ ṣe ètò yín. Ìkẹyìn wà fún ọjọ́ tí nǹkan bá yí padà. Lọ́jọ́ Àìkú, bọ́ọ̀sì máa ń dín kù gan-an, àwọn mìíràn kì í rìn rárá. Ẹ fi ọjọ́ yẹn jókòó sí ìlú tẹ́ ẹ wà, ẹ má sì fi ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ máa dé. Ẹ ya fọ́tò àtẹ àkókò ọkọ̀ sórí fóònù yín, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń pòórá láàárín òkè. Ẹ tún un wò ní ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa lọ, torí wọ́n ń yí i padà, wọ́n sì máa ń ti ojúirin pa fún àtúnṣe.

Wàyí o, òkun fúnra rẹ̀. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ń kún tó sì ń fà, ní gúúsù Wales pàápàá, ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà wà lára èyí tó ga jù láyé. Iyanrìn tẹ́ ẹ rìn kọjá láàárọ̀ lè di omi kí ọ̀sán tó pọ́n. Ní Worm's Head, ilẹ̀ àpáta nítòsí Rhossili tó ń di erékùṣù nígbà tí omi bá kún, nǹkan bí wákàtí méjì ààbọ̀ ṣáájú ìgbà tí omi fà tán àti wákàtí méjì ààbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ni ènìyàn lè gba orí òkúta kọjá. Ẹ wo àkókò ìkún omi fún ọjọ́ náà gan-an kẹ́ ẹ tó rìn yípo ìsàlẹ̀ àpáta èyíkéyìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ omi, ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ RNLI, àjọ tó ń gba ẹ̀mí là lójú òkun, wà ni kẹ́ ẹ lọ, láàárín àsíá méjì tí ìkọ̀ọ̀kan wọn ní àwọ̀ pupa àti ìyeyè. Àsíá pupa nìkan túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má wọ̀ ọ́. Omi náà tutù, kódà ní oṣù Kẹjọ. Bí ó bá gbé yín, ẹ má bá a jà: ẹ dojú sókè, kẹ́ ẹ jẹ́ kí omi gbé yín léfòó títí èémí yóò fi balẹ̀, kẹ́ ẹ wá gbé ọwọ́ sókè. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó wà nínú ewu, ẹ pe 999, kẹ́ ẹ ní ẹ̀ṣọ́ etíkun, Coastguard, lẹ ń fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bọ́ sínú omi láti lọ yọ ọ́.

Ní ti owó, yàrá ló ń dun ẹni tó dá lọ jù, torí iye yàrá ni wọ́n ń gbà, kì í ṣe iye orí. Ẹ má fi ti íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ṣe. Ẹ pe ilé àlejò kéékèèké lórí fóònù, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní yàrá ẹni kan; ọ̀pọ̀ ní ọ̀kan tó kéré lókè pátápátá tí kì í hàn lórí ìkànnì. Ní òpin ọ̀sẹ̀, àwọn kan kì í gba ẹni tó fẹ́ sun alẹ́ kan ṣoṣo, nítorí náà àárín ọ̀sẹ̀ dára. Oṣù Kẹfà ni mo fẹ́ràn jù: ilé ìwé kò tíì gba ìsinmi, oòrùn kì í sì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ fi kọjá. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì ojúirin. Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín 16 sí 30, tàbí tó ti pé 60, lè ra káàdì Railcard, tó máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lórí ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ láti Nàìjíríà, físà àlejò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló kárí Wales, kò sí ẹ̀ṣọ́ ibodè lójú ọ̀nà.

Ẹrù? Àpò kan tẹ́ ẹ lè dá gbé gun àtẹ̀gùn, bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀ yín lára, kóòtù òjò gidi. Agboòrùn kò lè dúró nínú afẹ́fẹ́ yẹn. Ẹ mú ata gígún díẹ̀ dání tẹ́ ẹ bá mọ̀ pé ẹnu yín kò gba oúnjẹ tí kò ta. Ilé oúnjẹ ìlú kékeré máa ń tètè pa iná, nítorí náà ẹ jẹun kó tó di aago mẹ́jọ.

Àwọn obìnrin tó ń wá sọ́dọ̀ mi máa ń bi mí bóyá ojú á máa wò wọ́n. Ẹ lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú nínú ilé oúnjẹ kan, mo sì máa ń sọ ọ́ kó má bàa jẹ́ ìyàlẹ́nu. Àwa tí wọ́n fi ìkíni tọ́, ẹ lo ohun tẹ́ ẹ ní: "bore da" (ẹ káàárọ̀ lédè Wales) láàárọ̀, "diolch" (ẹ ṣé) fún awakọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo èrò ọkọ̀ níbẹ̀ ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀.

Ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnìkan nílé: ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ibi tẹ́ ẹ fẹ́ parí rẹ̀ sí, àti aago tó yẹ kí wọ́n fi gbọ́ ohùn yín. Ẹ sọ ọ́ fún onílé àlejò náà. Tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ẹ pe ẹni yẹn kẹ́ ẹ tó bọ́ bàtà.