Transfer: bí owó ṣe ń dé láìkúrò níbi tó wà

Gbogbo gàrí tí wọ́n ń pè ní gàrí Ìjẹ̀bú l'Ékòó kọ́ ló ti Ìjẹ̀bú wá. Ẹni tó bá fẹ́ ojúlówó, èyí tó kan, tó kúnná, tó sì gbẹ táútáú, á ní oníbàárà tirẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àfi kó wọkọ̀ wá s'Íjẹ̀bú-Òde tòun towó lápò. Ní báyìí, á jókòó sí Sùúrùlérè, á pe ìyá oní-gàrí, wọ́n á nájà lórí fóònù, á fowó ránṣẹ́, ìyá á sì kó àpò fún awakọ̀ ní gáréèjì.

Owó ọ̀hún ò rìn lójú títì rárá. Iye tó wà nínú àkáǹtì wa, àkọsílẹ̀ ni, bíi ti káàdì alájọ: alájọ kì í so náírà mọ́ káàdì, iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń kọ. Transfer kàn ń yọ kúrò nínú ìwé báǹkì kan, ó ń fi kún ti òmíràn ni. Alárinà wọn ni NIBSS, ilé-iṣẹ́ tí Báǹkì Àpapọ̀ àtàwọn báǹkì tó kù jọ ni, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993. Ètò tó ń jẹ́ kó yá lójú ẹsẹ̀, NIP, dé ní 2011. Àwọn báǹkì á wá ṣírò ohun tí wọ́n jẹ ara wọn lẹ́yìn náà.

Ibi tó yẹ kéèyàn ti fara balẹ̀ ni ibi tí orúkọ ti ń yọ. Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà àkáǹtì tán, tí ẹ mú báǹkì, báǹkì tiyín ò mọ ẹni tó ni ín. Ńṣe ló ń bi báǹkì kejì, ìyẹn ló sì dáhùn. Ìdí nìyẹn tí ìyá oní-gàrí fi ń sọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bèèrè:

“Orúkọ ọmọ mi ọkùnrin ló máa gbé jáde o.”

Tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, tí orúkọ àjèjì yọ, ẹ má tẹ PIN. Ẹ pè é padà.

Nọ́ńbà mẹ́wàá tí báǹkì ń fúnni ní ọgbọ́n kan nínú. Inú mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ báǹkì náà ni wọ́n ti ṣírò ẹ̀kẹwàá, nítorí náà béèyàn bá ṣi ẹyọ kan tẹ̀, ìṣirò ò ní bára mu mọ́. Àmọ́ nọ́ńbà fóònù tí wọ́n yọ òdo iwájú rẹ̀ ni àkáǹtì àwọn bí OPay àti PalmPay. Ẹni tó bá ṣi ìyẹn tẹ̀ lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì tààrà. Orúkọ nìkan ló kù tí yóò gbà á sílẹ̀.

Alert ńkọ́? Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni, kì í ṣe owó. Owó lè ti wọlé kí alert má dé, pàápàá tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá rọ́ nítorí èrò, bí irú ọjọ́ kẹta Iléyá tí Ojúde Ọba bá gbé gbogbo ayé wá sílùú. Gbájú-ẹ̀ náà sì lè fi ayédèrú alert ránṣẹ́, kó gbé ọjà lọ. Rìsíìtì tí wọ́n ń nà síni lójú fóònù pàápàá, wọ́n ń yà á. Iye tó wà nínú àkáǹtì ni kí ọlọ́jà wò kó tó kó àpò fún awakọ̀.

Nígbà míì, báǹkì á yọ owó lọ́wọ́ ẹni tó san án, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ ìyá. Aáwọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó purọ́. Àárín ọ̀nà ni iṣẹ́ tí wọ́n jẹ́ ti há. Lára rìsíìtì, ẹ máa rí nọ́ńbà gígùn kan tí wọ́n ń pè ní session ID, ọgbọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó sanwó ni kó fún báǹkì rẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí ìyá kóun náà fún tirẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń wá owó náà rí, yálà kí wọ́n tì í dé ibi tó ń lọ, tàbí kí wọ́n dá a padà fẹ́ni tó fi ránṣẹ́.