Kí Ọmọ Yín Kọ́kọ́ Pàdé Oní-gbájúẹ̀ Nínú Ìwé

Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù gbogbo, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn òbí ń gbé wá bá mi ní ilé ìkàwé tí mò ń bójú tó ní Kubwa, l'Abuja níbí: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ẹ̀kọ́ márùn-ún tó wà nínú Chike and the River, àṣetiléwá ọmọ ni." Ọmọ ọ̀hún kò tíì ṣí ìwé. Wọn kò tilẹ̀ tíì rà á. Pépà ìbéèrè-àti-ìdáhùn tí àwọn kan ń tà lẹ́bàá títì ni wọ́n rà, ìgbà tí ìyẹn kò tó mọ́ ni wọ́n rántí mi. Mo sọ ọ́ síta lónìí kó lè yé gbogbo wa: n kò ní kọ ọ́.

Ìwé tí Chinua Achebe kọ fún àwọn ọmọdé, tó jáde ní 1966, kò nípọn rárá. Ẹ ti mọ ìtàn rẹ̀, Chike ọmọ ọdún 11 tó kúrò ní Umuofia lọ sọ́dọ̀ áńkù rẹ̀ ní Onitsha, tí kò rí sísì tí yóò fi wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá Odò Ọya lọ sí Asaba. Ohun kan ṣoṣo ló yẹ kí ẹ là yé àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń dàgbà ní Abuja. Odò yẹn kan náà ni wọ́n ń sọdá lórí afárá Jamata tí a bá ń gba Lọ́kọ́ja lọ sílé ọdún, wọn kì í sì jí lójú oorun tí mọ́tò fi ń kọjá. Ní Onitsha, ọdún 1965 ni wọ́n tó parí afárá. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí kò bá lówó ọkọ̀ ojú omi, etí odò ni yóò dúró sí tí yóò máa wo òdìkejì.

Èyí tó máa ń ṣíwájú nínú àwọn ẹ̀kọ́ márùn-ún inú pépà yẹn ni pé kí ọmọ máa gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu. Ìyá Chike kìlọ̀ fún un kó má sún mọ́ odò. Ó sún mọ́ ọn, ó sọdá, ọkọ̀ tó kẹ́yìn fi í sílẹ̀ lọ́hùn-ún, ó sùn sínú lọ́rì, lọ́rì náà sì jẹ́ tàwọn olè. Síbẹ̀, níparí, òun ló jẹ́ kí wọ́n rí àwọn olè náà mú, wọ́n sì fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwé girama. Ọmọbìnrin kan bi mí ní kíláàsì pé, "Àǹtí, tó bá jókòó sílé ńkọ́, ta ni ì bá mú àwọn olè yẹn?" Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn ju máàkì èyíkéyìí lọ. Ọmọ tó béèrè bẹ́ẹ̀ ti ka ìwé, orí rẹ̀ sì ti ń ṣiṣẹ́. Pépà ẹ̀bá títì kò lè dá a lóhùn, torí ẹni tó kọ pépà kò rò ó débẹ̀.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ra pépà. Ìsọ̀yè ni wọ́n rà. Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ wá, gbẹ́rẹ́ tútù wà lórí àtàrí ọmọ náà, ó ní olóògùn kan ní Mararaba ti fi dá òun lójú pé ohun tí ọmọ bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé láé. Kí wá lẹ ní kó gbọ́? Mo kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì, mo ti kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ti pè ní olódo di ẹni tó ń fi ìwé pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. N kò fín ẹnikẹ́ni ní gbẹ́rẹ́ rí. Ìyè ọmọ kì í là bí kò bá gbọ́ ìtàn, kó rò ó, kó tún un sọ lẹ́nu ara rẹ̀. Abẹ olóògùn ò lè ṣe ìyẹn, àìsàn ló lè kó ran ọmọ. Báírò tí wọ́n ta òróró sí náà kò lè ṣe é.

Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe ń ka ìwé yìí, pàápàá ibi Professor Chandus, ọkùnrin tó ní òun lè sọ owó di méjì. Ẹ kà á sókè fún ọmọ lálẹ́, kí fóònù yín wà ní yàrá kejì. Tí Chike bá ti dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn, ẹ pa ìwé dé. Ọmọ yóò bẹ̀bẹ̀, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ bi í pé, "Ìwọ ńkọ́, ṣé wàá kó owó rẹ fún un?" Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò ní àwọn yóò kó o, ẹ má sì bá wọn wí, torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ jẹ́ kó sùn lé e. Lọ́jọ́ kejì, kí ẹ tó ṣí ìwé, ẹ tún bi í. Láàárín òru kan yẹn, mo ti rí ọmọ tó jí tó sì bi ìyá rẹ̀ pé, bí ọkùnrin yìí bá lè sọ owó di méjì lóòótọ́, kí ló ń fi owó ọmọdé ṣe? Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ dé ibi ìbéèrè yẹn kò ní gbàgbé mọ́. Ẹni tí ẹ bá kọ ọ́ fún pé "ẹ̀kọ́ kẹta: ojúkòkòrò kò dára" yóò há a sórí, yóò gba máàkì rẹ̀, yóò sì di ẹran ìjẹ gbájúẹ̀ tó bá dàgbà.

Bàbá ọmọkùnrin kan wá bá mi tìbínú-tìbínú. Ní ilé wọn, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó ní pálọ̀, ó ń fi bí owó òun ṣe ń lé sí i lójoojúmọ́ lórí fóònù hàn wọ́n. Ọmọ rẹ̀ tó wà nítòsí ní, "Dádì, Professor Chandus nìyẹn." Ó gbá a létí lójú àlejò. Ó wá ní kí n yọ ìwé náà kúrò nílé ìkàwé, pé mò ń kọ́ ọmọ òun láti máa pe bàbá rẹ̀ ní òmùgọ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yọ owó yín." Ó ní kí n bójú tó ìwé mi. Owó ilé ìwé ọmọ méjèèjì wà níbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Kí táàmù yẹn tó parí, nǹkan tí wọ́n ń wò lórí fóònù yẹn kò ṣí mọ́. Àwọn ọmọ méjèèjì kò padà sọ́dọ̀ wa. Ọmọ tó rí i kedere yẹn, òun ló fi kíláàsì sílẹ̀.

Ní Oṣù Kejìlá 2016 ni MMM, ètò sogúndogójì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti owó mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní Oṣù Kẹrin 2025, CBEX, ètò mìíràn tó jọ ọ́, tún ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì kan àwọn tí wọ́n sunkún ti àkọ́kọ́. Òmíràn ń bọ̀, yóò ní orúkọ tuntun, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jọ́sìn tàbí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni yóò mú un wá bá yín. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ka ibi Professor Chandus tán tó wá béèrè nípa owó tó wà lórí fóònù yín, ẹ má gbá a létí. Ẹ pè é jókòó, kí ẹ ṣàlàyé ibi tí èrè owó yẹn ti ń wá fún un. Bí ẹ kò bá rí àlàyé tó lè yé ọmọ ọdún 10, ẹ yọ owó yín lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ má dúró de ilẹ̀ tó mọ́.